Òfin Tiréè Ọkọ Mi

Òfin kan ṣoṣo ni ọkọ mi ní nínú ilé wa. Bí oúnjẹ bá pẹ́, kò ní bínú. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ gún un lára láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á kàn máa fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù, tó to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sórí tiréè irin rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tiréè náà títí gbogbo nǹkan yóò fi padà síbi tó ti jáde wá. A kò gbọdọ̀ sún un. A kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà nílé, ńṣe ni wọ́n máa ń fò ó kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Gbogbo wọn ti lọ sílé ọkọ báyìí, òfin náà kò bá wọn lọ.

Ìdí tó fi ṣe òfin yìí kò le. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, apá òsì ló máa wà. Èyí tó bá jáde kẹ́yìn, apá ọ̀tún ni. Bó bá fẹ́ dá wọn padà, á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Kì í kọ nǹkan sílẹ̀, kì í sì í wo ìwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe, tiréè yẹn kò sì já a kulẹ̀ rí. Elétí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣàìsàn, ọkọ mi á gbé ẹnu sùkúdìráfà lé e, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á dijú, á sì sọ ibi tó ń dùn ún.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun kò lọ mọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí ni."

Ó rẹ̀ ẹ́. Ta ni kò rẹ̀? Èmi tí mò ń lọ láti ilé dé ilé, tí mò ń wẹ egbò fún àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe tèmi ni? Ilé mẹ́sàn-án, ilé mẹ́wàá lójúmọ́. Kí n kúnlẹ̀ níbí, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí n gbọ́ ìtàn ọmọ tí kò wá wo ìyá rẹ̀, kí n tún gun alùpùpù lọ gbọ́ irú rẹ̀ nílé kejì. Mo gbà pé ọkọ mi ti ya ọ̀lẹ. N kò fi pamọ́ fún òun fúnra rẹ̀, n kò sì fi pamọ́ fún aládùúgbò.

Ó sì ń hùwà ọ̀lẹ lóòótọ́, lójú tèmi. Kò gun alùpùpù mọ́, ó ní àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí ti ya wèrè. Kò ka ìwé ìròyìn mọ́, ó ní irọ́ ló kún inú rẹ̀. Bó bá ń bu tíì, á ti ìka bọ inú kọ́ọ̀bù títí tíì náà á fi kàn án, èmi á sì máa pariwo pé irú ọ̀bùn wo nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe, tó sì ń ṣe é tayọ̀tayọ̀: alùpùpù mi. Òun ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, òun ló ń fún ṣéènì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń tún un ṣe, mo máa ń gbọ́ tó ń súfèé láti inú ilé ìdáná. Ọjọ́ mìíràn kò sí tó ń súfèé.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà. Bí a bá fún ọwọ́ rẹ̀ tó wà lápá òsì, á tú wọn ká. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á so wọ́n padà. Tèmi kò so dáadáa mọ́. Bí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa ké tantan, alùpùpù á dúró máa wò mí. Lọ́jọ́rú, ọkọ mi tú u. Ó ní àwọn pléètì inú rẹ̀ ṣì nípọn, sípíríǹgì tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra ló ti rọ. Ó kó ìdérí àti àwọn bóòtù sínú bàsíà, ó to àwọn pléètì sórí tiréè, ó da ọ́ìlì lé wọn lórí, ó sì gbé tiréè náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àárọ̀ Sátidé ni sípíríǹgì tuntun máa tó dé.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo máa wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ mi ti wú bíi ti àwọn tí mò ń tọ́jú. Bí mo ṣe ní kí n yà sí ilé ìdáná ni mo tẹ ọ́ìlì, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé nídìí rédíò. Ẹni tó bá ń bá kòkòrò àrùn jà láti àárọ̀ kò lè wọlé kó máa tẹ ọ́ìlì. Mo gbé tiréè náà lé orí àpótí ìjókòó, mo fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo sì gbé tiréè padà síbi tó wà. N kò sọ fún un. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ó ti tò ó tán. Ó ń fọwọ́, ó ń súfèé.

"Màmá wa, gùn ún wò," ó ní.

Aládùúgbò wa tó ń ránṣọ wà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé rẹ̀ nídìí máṣíìnì ìránṣọ, níbi tó ti máa ń rí gbogbo ohun tó ń lọ lágbo ilé wa láì gbé orí sókè. Mo jókòó sórí alùpùpù, mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí, mo fẹsẹ̀ tẹ jíà kìn-ín-ní. Ńṣe ló fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó gbé mi lọ kọ lu géètì, ẹ́ńjìnnì kú, èmi náà sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ti bó.

Inú bí mi kọjá àlà. Gbogbo àárẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló gba ẹnu mi jáde. Mo ní ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni. Mo ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí ẹ ń ṣe nínú ilé yìí, ẹ kò tún lè ṣe é mọ́. Mo sọ ọ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

Aránṣọ dá máṣíìnì rẹ̀ dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ ò bá gbé e lọ fún mẹ́káníìkì gidi. Bàbá ti ṣe tiwọn."

"Ohun tí mo máa ṣe lọ́jọ́ Ajé nìyẹn," mo dá a lóhùn.

Elétí ni ọkọ mi, ó gbọ́. Ìfé náà ti dákẹ́. Ó fọwọ́ tọ ògiri wá síbi géètì, ó bá mi gbé alùpùpù dìde, ó yí i padà sí àárín àgbàlá. Kò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, "Nígbà tó fò yẹn, ṣé o fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí?"

"Mo fún un dé ìdí."

"Ó dáa. Jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn ará ìta léèrè ná, ká tó wọnú ilé."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ohun tó wà lóde ni kó o yẹ̀ wò kó o tó ṣí ikùn ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ó fìka wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń mì tó kí wáyà tó fà, ó ní ó ti dẹ̀ jù díẹ̀, ó sì fi sípánà fún un. Ó gbé alùpùpù sórí sítáǹdì ńlá kí táyà ẹ̀yìn má baà kanlẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n fún kílọ́ọ̀ṣì, kí n tẹ jíà.

"Ṣé táyà ń yí?" ó béèrè.

Iwájú táyà náà gan-an ló dúró sí. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," mo ní.

Ó na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi kan táyà. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì lásán ló ń fà á, bàtà yóò dá a dúró. Táyà náà kò dúró, ńṣe ló ń ha ìdí bàtà rẹ̀ lọ. Ó fa ẹsẹ̀ padà. Ó yọ ìdérí ọ́ìlì, ó fi ìka ra ọ́ìlì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀bi lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbé sùkúdìráfà lé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi etí tì í, ó dijú.

"Ó há," ó ní. "Pléètì kan há nínú wọn. A máa ṣí i."

Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Orúnkún ń ta mí, ebi ń pa mí, oòrùn sì wà lórí wa. Ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí n kò bá ní alùpùpù lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ni n óò tún fi rìn. Ó da ọ́ìlì sínú bàsíà. Ó tú àwọn bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ìdérí, ó yọ àwọn sípíríǹgì tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere, kò ṣi bóòtù kankan mú. Nígbà tó kan pléètì, ó dúró.

"Bá mi wo èyí tó wà lókè pátápátá."

Mo wò ó. Mo mú un jáde, mo fi wé èyí tó tẹ̀ lé e. "Ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ."

"Òun ló yẹ kó wà nísàlẹ̀," ó ní. "Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo wọn ni mo tò sódì."

Ẹnu mi, ẹnu yìí tí ìyá mi bá wí títí tó fi kú, kò lè sinmi. Mo ní, "Ẹ̀yin! Ohun tó hàn gbangba báyìí? Afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé ihò yìí kò dọ́gba."

"Ó mọ̀," ọkọ mi dáhùn.

"Ta ló mọ̀?"

"Afọ́jú náà. Ó mọ̀."

N kò tètè gbọ́ ohun tó wí. Mo wo ojú rẹ̀. Ó kọ ojú sí mi, ṣùgbọ́n ibi etí mi ló ń wò. Gbogbo rẹ̀ wá tò wá sí iwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà: ìka inú kọ́ọ̀bù, ìwé ìròyìn, ọwọ́ tó ń tọ ògiri, táyà tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ tó ní kí n bá òun wò. Èmi, tí mò ń tan iná tọ́ọ̀ṣì sójú àwọn arúgbó ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" mo béèrè. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Tọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, tòsì sì tẹ̀ lé e. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo so táyà kan lọ́jọ́ kan, n kò rí i pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò wọlé. Ọmọkùnrin kan ló rí i kí oníbàárà tó gùn ún jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé àpótí mi wálé. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀. Mò ń rí òjìji rẹ bó o bá ń kọjá. Ojú rẹ ni n kò rí mọ́."

"Ẹ sì ní ó rẹ̀ yín."

"Ìwọ náà, ó ti rẹ̀ ọ́. Mo rò ó pé bó o bá gbà pé mo ya ọ̀lẹ, wàá kàn bínú ni. Ìbínú fúyẹ́ ju ẹrù lọ."

Ó fọwọ́ wá tiréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé pléètì olóhò ńlá náà lé e.

"Mo ní ojú lè máa lọ, ọwọ́ ṣì ń ríran," ó ní. "Láàárọ̀ yìí, mo nawọ́ sí apá ọ̀tún tiréè, mo mú èyí tó kángun. Ihò rẹ̀ kéré. Ọwọ́ ní kì í ṣe òun. Tiréè ní òun ni. Mo bá ọwọ́ wí. Mo ní tiréè kì í purọ́, ìyàwó mi kì í sì í fọwọ́ kàn án. Àṣé èmi ni mo tò ó sódì láti ọjọ́rú. Tí ọwọ́ náà bá ti ń ṣìnà, ó parí nìyẹn. Bó o bá ń lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì yẹn lọ́jọ́ Ajé, sọ fún un kó wá kó àpótí irinṣẹ́ mi. Wọ́n ṣì dáa."

Bó ṣe sọ ọ́, ẹ lè rò pé aṣọ àlòkù ló fẹ́ fi tọrẹ. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí ìrọ̀lẹ́ àná, sí ọṣẹ, sí ilẹ̀ tí mo fọ̀. Tiréè náà kò ní orí, kò ní ìdí, apá méjèèjì rẹ̀ rí bákan náà. Mo gbé e lọ, mo sì gbé e bọ̀, n kò béèrè apá ibi tó kọjú sí. Èmi ni mo sọ ọ̀tún rẹ̀ di òsì.

Ẹ má ṣe rò pé mo jẹ́wọ́ kíákíá. Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti pariwo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àti láti ọdún méjì wá. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Òun fúnra rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi tán.

Máṣíìnì ìránṣọ dákẹ́ lódìkejì. "Ẹ ti rí i, Nọ́ọ̀sì? Kí ni Bàbá ṣe sí i?"

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún tó ti bó ni mo fi kúnlẹ̀, n kò lè pẹ́ níbẹ̀ rárá. Mo gbé ohùn sókè bí mo ṣe gbé e sókè nígbà tí mò ń bú u.

"Bàbá kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo yí tiréè wọn sódì. Bí wọ́n ṣe tò ó, ó tọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Háà," aránṣọ ní. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ rẹ̀.

"Ìgbà wo?" ọkọ mi béèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ àná. Mo fẹ́ fọ ilẹ̀."

"O fọ ilẹ̀."

"Ọ́ìlì ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo rò pé yóò bínú. Mo fẹ́ kó bínú pàápàá, kó lè dọ́gba díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sórí tiréè, ó mú pléètì olóhò ńlá, ó fi àtàǹpàkò yí ihò rẹ̀ po. Ó yọ òmíràn nínú ẹ́ńjìnnì, ó ṣe bákan náà. Ó ṣe é títí tó fi dé orí èyí tó kẹ́yìn.

"Ọwọ́ mọ̀ ọ́n," ó ní. Ó ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ó sọ fún mi. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n, Màmá wa."

Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ti rí i. Àmọ́ elétí ni. Ó ní kí n nu imú mi, kí n má jẹ́ kó kán sínú ẹ́ńjìnnì.

Ó tò wọ́n padà láì wo tiréè rárá. Olóhò ńlá ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti ń fọwọ́ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè kó tó jẹ́ kó wọlé. Mo ń na bóòtù sí i, ó ń fún un. A da ọ́ìlì padà. Mo tẹ alùpùpù lórí sítáǹdì, mo fún kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ jíà. Táyà ń yọ́ yí díẹ̀. Ó na bàtà sí i, táyà dúró jẹ́ẹ́.

"Ó ti dúró," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀," ó ní.

Nígbà tí mo gùn ún jáde ní géètì, kò fò, kò yọ̀. Mo lọ dé ìkòríta, mo yí padà. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìfé rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí. Èyí tó ti lọ kò ní padà, ìyókù ni a máa gbé lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má baà lọ tán. Ó ti gbà láti lọ. Ó tún gbà pé kí n máa bá òun ka ìwé ìròyìn, ó ní òun fẹ́ mọ bí irọ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ sí i tó.

Nígbà tó sinmi lọ́sàn-án, mo gbé tiréè náà, mo fọ̀ ọ́, mo wá òòlù àti ìṣó nínú àpótí rẹ̀. Mo lu àmì mẹ́ta sí etí rẹ̀ lápá òsì, èyí tí ìka lè mọ̀. N kò lu irin rí láyé mi, ìkejì sì yà bàrà lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Nígbà tó jí, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ tọ etí rẹ̀ yí po títí tó fi kan àwọn àmì náà. Ó kà wọ́n. Ó tún padà sórí ìkejì.

"Ó wọ́," ó ní.

Mo ní kó jẹ́ kí n tún un lù.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Èyí tó wọ́ yẹn ni ọwọ́ mi á fi mọ̀ pé ìwọ lo lù ú."